Wọ́n Ń Pòwe Láì Ṣe Tótó

Tótó o, ẹ̀yin àgbà Òṣogbo, ẹ̀yin ará Iléṣà. Ọ̀rọ̀ òwe ni mo fẹ́ sọ, irungbọ̀n mi ò sì tíì kún. Ẹ ti gbà mí láyè? Ó dáa. Ẹ jókòó.

Láti ìgbà tí mo ti ti ìlú òyìnbó dé, wọn ò jẹ́ n sinmi ní Òkè Fíà. Mi ò lè jáde lọ ra gúgúrú kí wọ́n má dá mi dúró. "Ràṣídì, ìwọ tó o débẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni pé òyìnbó kì í pòwe? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wọn rí gbọọrọ bí òpó wáyà." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ mú un wá kí n rí i! Irọ́ funfun báláú ni. Àwọn òyìnbó tí mo bá gbé, wọ́n á ti fi òwe fọnu láàárọ̀ kí wọ́n tó fi omi fọ̀ ọ́. Mo bá wọn gbé ọdún kan, mo jẹun wọn, wọ́n wù mí. Òwe wọn kan ṣoṣo ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn ilé ààrò búrẹ́dì ọ̀gá mi pa. Ẹ jẹ́ n rò ó bó ṣe rí.

Ẹ̀rọ abẹ́ tapólì

Bàbá Ìwàrà ni ọ̀gá mi. Ọmọ Ìwàrà lẹ́bàá Iléṣà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku. Èmi, ọmọ ìmàle Òṣogbo ni mí. Ṣùgbọ́n nílé ààrò búrẹ́dì, ìyẹ̀fun ló ń bo gbogbo wa, gbogbo wa ló ń funfun. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìyókù èmi ni mo kọ́ ara mi. Tí búrẹ́dì bá ti wọ ààrò, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń ta ayò, èmi á fa ìwé àkànlò èdè òyìnbó kan yọ, ìwé tí kò léèpo mọ́, n ó máa kà á títí òórùn búrẹ́dì á fi sọ fún mi pé ó ti jinná.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Làkúrègbé mú Bàbá lọ́wọ́ méjèèjì. Ọwọ́ tó ti po ìyẹ̀fun fún ìdajì Òṣogbo, kò lè di ife omi mú dáadáa mọ́. Ó ra ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun, ọkọ̀ ojú irin gbé e dé. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ tàn án, ó fọ́n ìyẹ̀fun kan àjà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba apá ẹnì kan lọ. Bàbá ní ká fi tapólì bò ó. Ìgbà tó yá, adìyẹ ń yé ẹyin sórí rẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ fẹ́ kọjú síbẹ̀ mọ́. "Ẹ̀rọ yẹn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ló máa ń wí.

Bí ọ̀nà ṣe là tí ilé búrẹ́dì kan nílùú òyìnbó fi gbà pé kí n wá kọ́ṣẹ́ fọ́dún kan, ẹ má bi mí, ó gùn. Ohun tí Bàbá sọ láàárọ̀ tí mò ń lọ ni kẹ́ ẹ gbọ́.

"Ràṣídì, òtútù kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún ọ. Inú rẹ yẹn ni, inú tó gbóná ju ààrò lọ. Bó o bá parí ọdún rẹ, wá ká tapólì yẹn kúrò, ilé ààrò yìí di tìẹ. Bí wọ́n bá torí ìjà lé ọ wálé, má yà síbí. Mi ò lágbára àtitún ẹlòmíràn kọ́ mọ́. N ó ti ilẹ̀kùn, n ó padà sí ulé ní Ìwàrà lọ jókòó."

Tí ọ̀rọ̀ bá ti ká Bàbá lára, ilé máa ń di ulé lẹ́nu ẹ̀, ti Ìjẹ̀ṣà á jáde. Mo mọ̀ pé kò ṣeré.

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ó ku ọ̀kan. O fẹ́ràn òwe. Òyìnbó o, dúdú o, àgbà làgbà. Ṣe tótó kó o tó la ẹnu."

Lójú omi

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ òkun gbà yín lákòókò. Omi ni níwájú, omi ni lẹ́yìn, ikùn mi sì wà láàárín, kò mọ ibi tí yóò yà sí.

Wọ́n fi mí sí tábìlì kan náà pẹ̀lú màmá òyìnbó arúgbó kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ó jẹ́ ènìyàn tútù. Lọ́jọ́ kan òjò dé, òjò ńlá, ó ń na ojú fèrèsé bí ẹni ń na ọmọ. Mo ní àkókò mi dé! Ìwé mi ní bí òjò bá pọ̀ báyìí, òyìnbó á ní ajá àti ológbò ló ń rọ̀ láti òkè. Mo dìde. Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. Mo tẹ orí ba. Mo fi èdè òyìnbó wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ Mà, ẹ dárí jì mí, ẹ gbà mí láyè, nǹkan kan fẹ́ jáde lẹ́nu mi níwájú yín."

Màmá yìí ti fò dìde! Ó gbé àwo ọbẹ̀ rẹ̀ sá sẹ́yìn. "Má ṣe é síbí! Lọ sí etí ọkọ̀! Ẹ gba ọmọ yìí o, èébì ń gbé e!"

Ẹni tó ń gbé oúnjẹ sáré wá pẹ̀lú bokẹ́ẹ̀tì. Ojú tì mí, inú tún bí mi. Mo pariwo, "Èébì kọ́! Òwe ni!"

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán pé nílẹ̀ wa ọmọdé kì í dédé pòwe lójú àgbà láì kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, màmá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá nu ojú. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tọrọ àyè nǹkan kan lọ́wọ́ mi." Ó ní kí n pa á. Mo pa á. Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n inú ìwé nìkan ló kù sí, ọmọ mi. Àwa tá à ń gbé ibẹ̀, a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ mọ́."

Ẹ gbọ́! Látìgbà tí mo ti ń jẹ ìwé yẹn bí ẹni jẹ ẹ̀kọ! Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ sómi. Màmá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n tó o bá débẹ̀, ojú wọn ni kó o máa wò nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Inú ojú ni ìtumọ̀ wà."

Ìlú tó dúdú bí ìdí ìkòkò

A gúnlẹ̀ sí èbúté Lífápuù. Mo ti rò pé ìlú òyìnbó á funfun bí àwọn tó ni ín. Ó tì o. Èéfín ti pa gbogbo ilé láró. Òtútù gbá mi létí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìwà àwọn ènìyàn. Mo tẹ ọkùnrin kan mọ́lẹ̀, bàtà mi tuntun sì le bí pákó. Kí ló ṣe? Òun ló bẹ̀ mí! Ó ní kí n má bínú. Èmi tí mo ti ń múra ìjà, ibo ni mo fẹ́ gbé e gbà?

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kékeré tí ilé búrẹ́dì wà. Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wò mí, ó ní, "Ibo lò ń lọ, olólùfẹ́ mi?" Mo wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Èmi! Mo tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe. Ó bọ́ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó tó jókòó níwájú, ó ní, "Tìẹ dà, olólùfẹ́ mi?" Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ kan, olólùfẹ́ mi náà ni. Mo bá ju kọ́là sílẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo wá ronú pé kí ló wá ṣàjèjì níbẹ̀? Ṣé ìyàwó ilé tiwa kì í pe ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ ní ọkọ òun ni? Ẹnu kan náà ni gbogbo wa ní.

Ọ̀dọ̀ opó kan ni mo wọ̀ sí, Pẹ́gì ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí n máa pe òun ní Pẹ́gì ṣáá. Kí n pe ẹni tó lè bí ìyá mi lọ́mọ ní Pẹ́gì! Màmá Pẹ́gì ni mo pè é títí mo fi kúrò. Ọ̀dùnkún ló ń gbé fún mi láàárọ̀, ọ̀dùnkún lọ́sàn-án. Ó máa ń gún un díẹ̀, á fi ṣíbí rò ó, á wá fi í sílẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ di nǹkan. Mo máa ń fẹ́ gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀ kí n gún un dójú àmì. Nígbà tó gbọ́ pé mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó lọ sọ́jà, ó ra ṣàkì bọ̀. Ṣàkì! Nílùú òyìnbó! Mo fò sókè. Àfi bó ṣe bù ú wá tó funfun láwo: wàrà ló fi sè é, wàrà àti àlùbọ́sà. Mo wo ṣàkì, ṣàkì wò mí. Mo bu ata tí mo gbé láti ilé sí i, mo jẹ ẹ́, mo bẹ̀bẹ̀ fún sí i. Kì í ṣe ọ̀yàyà o, ó dùn.

Lọ́jọ́ kan mo da ife wàrà nù sórí aṣọ tábìlì rẹ̀. Mo ń bẹ̀, mo ń nù ún. Màmá Pẹ́gì ní, "Kò séèyàn tó ń sunkún lórí wàrà tó ti dà." Mo mọ̀ ọ́n! Ìwé mi ní in. Mo ṣe tótó, mo ní, "Mà, àwa náà ní tiwa. À ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́."

"Kí lẹ ń lò ó fún?"

"Ìyá tí ọmọ ọwọ́ bá kú mọ́ lọ́wọ́ la máa ń sọ ọ́ fún. Pé omi ló lọ. Agbè tó ń pọnmi ṣì wà."

Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní kí n tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Mi ò bi í léèrè kankan. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ó di ìyá mi.

Bọ́ọ̀lù tó ń gba orí mi kọjá

Ilé búrẹ́dì yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò lè mọ̀. Ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun tóbi tó yàrá mi, ó sì ń po ó jẹ́jẹ́ bí ìyá tó ń ra ọmọ lára. Olórí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ni Jọ́ọ̀jì, arúgbó tí fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí. Bàbá Jọ́ọ̀jì lèmi pè é. Ó máa ń fi àtàńpàkò tẹ ìyẹ̀fun tó ti wú, á tẹ́tí sí i bí ẹni pé ó ń bá a sọ̀rọ̀, bí Bàbá Ìwàrà ṣe ń ṣe gan-an. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Òun ló kọ́ mi ní ìgbà tí èèyàn ń fún ẹ̀rọ lómi, àti bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ nígbà tó bá fẹ́ fọ́n nǹkan kan àjà. Ó ṣe sùúrù fún mi ju ìyá tó bí mi lọ.

Àkànlò èdè wọn ń fò níbẹ̀ bí bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá gbọ́ òfófó á ní ẹyẹ kékeré kan ló wí fún òun. Ẹni tó bá tú àṣírí, wọ́n á ní ó da ẹ̀wà nù. Ẹni tó bá ń ṣe bí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, wọ́n á ní bọ́tà kò lè yọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo ń gbọ́, mo ń wo ojú bí màmá inú ọkọ̀ ṣe wí, ó ń yé mi, mo ń gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ̀kankan sí mi. Bọ́ọ̀lù ń gba orí mi kọjá. Tó bá kàn mí, "O ṣeun púpọ̀, Ràṣ. Ó dára gan-an, Ràṣ." Ọ̀rọ̀ tó mọ́ tónítóní, bí àwo tí wọ́n gbé fún àlejò.

Tẹ́rì ló wá burú jù nínú wọn. Ọmọkùnrin kan ni, kò tó mi lọ́jọ́ orí, irun ẹ̀ bò ó létí, ẹnu ẹ̀ kì í gbófo. Èdè wọn ò sì ní "ẹ", gbogbo èèyàn ni "ìwọ", àtọba àtajá. Tẹ́rì á ní, "Jọ́ọ̀jì, gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀," apá mi á máa yún mi.

Òwe ajá

Wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun wá. Ó ní bọ́tìnnì tó ń tàn, pupa, àwọ̀ ewé. Bàbá Jọ́ọ̀jì dúró síwájú ẹ̀. Ó tẹ èyí, ẹ̀rọ ké. Ó tẹ tọ̀hún, ó dákẹ́. Èmi ti rí èyí tó yẹ kó tẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú. Èmi ò tíì rí orí rẹ̀ lásán rí. Ó pá.

Tẹ́rì rẹ́rìn-ín kàkà. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀! Ajá àgbà kì í kọ́ eré tuntun!"

Mo mọ òwe náà o! Kẹ́ ẹ má rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú ìwé mi, mo mọ̀ pé kì í ṣe ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló ń wí. Ìyẹn gan-an ló mú un burú. Ó pòwe, ó pa á lé àgbà lórí, ó pè é lájá, kò ṣe tótó, ó tún ń rẹ́rìn-ín! Bàbá Ìwàrà ni mo rí tó dúró síwájú ẹ̀rọ yẹn, tó ní ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Tẹ́rì. Mo ti dì í lọ́rùn aṣọ mú. "Bẹ̀ ẹ́! Bẹ̀ ẹ́ báyìí! Sọ pé tótó ó ṣe bí òwe! Àgbà ni!"

"Ẹ gbà mí! Kí ni mo ṣe? Kí ni mo ṣe fún un?"

"Bẹ̀ ẹ́!"

A kọlu àtẹ, páànù búrẹ́dì wó lulẹ̀, ó ń dún gbàràmù gbaramu. Ìyẹ̀fun gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá Jọ́ọ̀jì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ọwọ́ mi kúrò. Ó ní, "Ó tó, ọmọ mi. Ó tó." Kò sì wò mí lójú.

Ọ̀gá àgbà jáde wá, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó máa ń wọ awò ojú. Ó wo ilẹ̀. Ó wò mí. "Lọ sílé, Ràṣ. Wá láàárọ̀ ọ̀la, a ó sọ ibi tó bá já sí fún ọ." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Omi ẹ̀rọ ìgboro

Mo jókòó sí pálọ̀ Màmá Pẹ́gì, mi ò lè bọ́ kóòtù. Ilẹ̀kùn ilé ààrò Òkè Fíà ni mò ń rí, tí wọ́n fi pákó kàn án pa. Màmá gbé tíì fún mi, mo rò ó fún un.

"Ìjì inú ife tíì ni," ó ní, pé mo sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá.

"Kì í ṣe ìjì inú ife, Mà! Ó pe àgbà lájá!"

"Ràṣ, gbọ́. Lọ́dọ̀ yín, òwe dà bí kànga tó wà nínú àgbàlá àgbà. Ọmọdé gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn kó tó pọn níbẹ̀. Ó dára, mo fẹ́ràn ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, omi ẹ̀rọ ìgboro ni. Ọmọ pọn ọ́n, arúgbó pọn ọ́n, kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn."

"Kí ló wá dé tó fi bú u?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tẹ́rì ò ní bàbá. Jọ́ọ̀jì ló mú un wọ ibi iṣẹ́ yẹn, ilé Jọ́ọ̀jì ló ti ń jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tá a bá fẹ́ràn la máa ń fi òwe bù jẹ níbí. Ẹni tí kò bá kàn wá, ọ̀rọ̀ tó mọ́ la máa ń sọ sí i. 'O ṣeun púpọ̀.' 'Ó dára gan-an.'"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí omi tútù. O ṣeun púpọ̀, Ràṣ. Ó dára gan-an, Ràṣ. Gbogbo oṣù tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, àlejò ni mo ṣì jẹ́, èmi tí mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Ẹjọ́

Láàárọ̀, gbogbo wọn dúró yí tábìlì ìyẹ̀fun ká. Ọ̀gá ní, "Níbí, ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ilé ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà kí n tó dé. Ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀jì lóun ní ìbéèrè kan."

Bàbá Jọ́ọ̀jì kọjú sí mi. "Ràṣ, ká ní Tẹ́rì ti sọ nǹkan tẹ́ ẹ máa ń sọ yẹn kó tó pa òwe rẹ̀. Nílùú yín, kí lèmi ì bá fi dá a lóhùn?"

"Ẹ̀ bá ní, 'Wàá pa òmíràn.'"

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Àdúrà ni, sà. Pé kó má kú léwe. Kó dàgbà títí, kó tún rí òmíràn pa."

Ó ní, "Láti kékeré ni mo ti wà níbí. Wọ́n ti pè mí ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n ti pè mí ní kẹ́túlù tó ń jò. Èébú ni mo máa ń fi san èébú. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi àdúrà san án." Ó yíjú sí Tẹ́rì, ó bọ́ fìlà. "Tẹ́rì, ìwọ aláìníláárí yìí. Wàá pa òmíràn."

Tẹ́rì pọ́n dé etí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín.

"Tèmi ti parí," ni Bàbá Jọ́ọ̀jì wí. "Bí ẹ bá lé e, ta ni yóò kọ́ mi ní bọ́tìnnì yẹn? Ó ti mọ̀ ọ́n, mo rí i."

Ọ̀gá yọ awò, ó nù ún. Ó ní, "Kó bẹ Tẹ́rì níwájú gbogbo wa. Tí Tẹ́rì bá gbà, kó padà sẹ́nu iṣẹ́."

Kí n bẹ Tẹ́rì! Ẹni tó kéré sí mi! Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi ru sókè bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà pọ̀ nínú ẹ̀. Mo ti fẹ́ ní kí wọ́n kó ẹrù mi fún mi. Mo wá rántí tapólì. Mo rántí adìyẹ tó ń yé ẹyin sórí ẹ̀rọ, àti ọwọ́ Bàbá tí kò lè di ife mú. Mo na ọwọ́. Mo ní, "Tẹ́rì, má bínú."

Ó wo ọwọ́ mi pẹ́. Ó gbà á, ó sì wo àwọn páànù tó ti wọ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ẹ wò ó ná! Akọ màlúù tó wọ ìsọ̀ àwo tánganran!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin ò mọ ìdí ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn. Wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù sí mi.

Lábẹ́ ojú ọjọ́

Láti ìgbà yẹn, mi ò gbọ́ orúkọ mi mọ́. "Akọ màlúù, gbé páànù wá!" "Akọ màlúù, rọra o, àwo wà níbẹ̀!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn. Mo kọ́ Bàbá Jọ́ọ̀jì ní bọ́tìnnì, ó sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é tó bọ́ sí i, ó na ìka sí Tẹ́rì, ó gbó bí ajá. Ẹ wá wo ẹ̀rín!

Nígbà tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, Bàbá Jọ́ọ̀jì ò wá síṣẹ́. Ó ránṣẹ́ pé òun wà lábẹ́ ojú ọjọ́ díẹ̀. Mo ní ó dára, a á rí i lọ́la. Ojú Tẹ́rì ni mo wò, mo sì mọ̀ pé kò dára. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé ara ò yá nìyẹn. Àṣé àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni, wọ́n ti gbé e lọ sọ́sibítù. A lọ kí i. Ó tín-ín-rín lórí bẹ́ẹ̀dì bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó ní, "Mi ò tíì ta korobá nípàá." Bí wọ́n ṣe ń sọ ti ikú nìyẹn. Mo ṣe tótó, mo ní, "Sà, tiwa ga ju ìyẹn lọ. Ọba tiwa kì í kú. Àjà ló máa ń wọ̀."

"Inú àjà? Ọba? Kí ló lọ ṣe ńbẹ̀?"

"Ó wọ̀ ọ́ ṣáá ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé, nọ́ọ̀sì lé wa jáde. Ó yè é. Ohun tí mo wá mọ̀ nìyí: òyìnbó kì í pariwo ìrora. Ó máa ń fi òwe wé e, bí a ṣe ń fi aṣọ wé egbò. Wọ́n ní ọkàn wọn tutù. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tú aṣọ náà wò.

Ọjọ́ tí mò ń lọ, Màmá Pẹ́gì se ṣàkì, ó fi ata sí i fúnra ẹ̀, ó ń sín. Nílé búrẹ́dì, Tẹ́rì dúró síwájú Bàbá Jọ́ọ̀jì. Ó kó irun kúrò létí, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba. Ó ní, "Tótó." Ahọ́n ẹ̀ ò gbé e dáadáa, àfi bí ẹyẹlé. "Ajá àgbà á ṣàárò akọ màlúù rẹ̀."

Bàbá Jọ́ọ̀jì ò wò mí. "Wàá pa òmíràn," ló wí.

Òkè Fíà

Mo dé Òṣogbo nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ilé ààrò wà níbi tí mo fi í sí. Bàbá Ìwàrà jókòó lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ti ká jọ sí i. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo lé adìyẹ, mo ká tapólì, mo nu ẹ̀rọ, mo po ìyẹ̀fun. Kò fọ́n kan àjà. Bàbá ń wò. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé o jà lọ́hùn-ún?"

Ta ló fẹ́ purọ́ fún un? "Mo jà, Bàbá. Ṣùgbọ́n wọn ò lé mi."

"Kí ló dé?"

"Òwe ni."

"Òwe wo? Pa á kí n gbọ́."

Kí n pa òwe yẹn sí ọkùnrin yìí létí! Mo tún dọ̀bálẹ̀, àyà mi kan ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀. "Bàbá, tótó ó ṣe bí òwe o."

"Mò ń gbọ́."

"Òyìnbó ní… wọ́n ní ajá àgbà kì í kọ́ eré tuntun."

Ẹnì kan lára àwọn tó ń ta ayò ju ọmọ ayò sílẹ̀. Mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá, mi ò gbójú sókè. Mo gbọ́ tí àpótí ké. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, tó kọjá lára mi, tó dúró síwájú ẹ̀rọ. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ká yẹn lé e, níbi tí kò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé.

"Wàá pa òmíràn," ó ní. "Dìde. Ó yá, kọ́ ajá."